Bí A Ṣe Ń Di Ìlérí Ọlọ́run Mú Nígbà Tí Omi Bá Dé Ọrùn

Ní ọdún tí màmá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, Sáàmù 91 ni mo ń kà sí wọn létí láràárọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí. Bí mo bá ti dé ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, níbi tí Ọlọ́run ti wí pé ẹ̀mí gígùn ni òun yóò fi tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, màá gbóhùn sókè kí wọ́n lè ṣe àmín. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó tún lè ṣí Bíbélì mi síbẹ̀, ìbéèrè méjì ló sì ń jà lọ́kàn mi: ṣé Ọlọ́run kò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni, àbí èmi ni ìgbàgbọ́ mi kéré?

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìbéèrè kẹta wà tí n kò bi ara mi rí. Kí ni Ọlọ́run ṣèlérí gan-an? Mo ti di ohun kan mú gírígírí, mo ń pè é ní ìlérí, àmọ́ èmi ni mo fi ìdajì rẹ̀ sí Ọlọ́run lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ìlérí tí Ọlọ́run kò ṣe rí ló ń fọ́ ọkàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ nígbà ìṣòro. Èyí tó ṣe lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Èèyàn lè fi gbogbo ara tì í.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo tò sísàlẹ̀ yìí ni mo fi padà dìde. Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí agbára yín kò bá ju ti ìgbésẹ̀ kìíní lọ lọ́sẹ̀ yìí, ó tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pe ojú abẹ níkòó níwájú Ọlọ́run

Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ẹni tó bá nígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan le. Ara ń gbóná, a ní ara wa le koko. Owó tán nílé, a ní a kò ṣaláìní. Mo mọ̀ pé ọkàn rere la fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Gẹ́nẹ́sísì 15. Ní ẹsẹ 2, Ábúráhámù, tó ṣì ń jẹ́ Ábúrámù nígbà náà, ń ráhùn sí Ọlọ́run pé kí ló fẹ́ fún òun nígbà tí òun kò tíì bímọ. Ní ẹsẹ 6, ó gba Olúwa gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Orí kan náà ni. Ìráhùn ló ṣáájú, ìgbàgbọ́ tẹ̀ lé e, Ọlọ́run kò sì bá a wí nítorí ìráhùn yẹn.

Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 88 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó fi parí, kò sí ìyìn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ àárín àwọn àdúrà àti orin tí àwọn èèyàn Ọlọ́run ń lò ló wà títí dòní. Ọlọ́run tó fàyè gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yóò gbọ́ tiyín.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta. Èkíní: "Olúwa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé…" Èkejì: "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé…" Ẹ̀kẹta: "Ohun tí mo rò pé wàá ṣe, tí o kò ṣe, ni pé…" Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń ṣòro jù láti kọ. Ẹ má fò ó, torí ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí ìlérí tí ẹ ti ń dì mú láìmọ̀. Ẹ fi ìwé náà pamọ́, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ìlérí náà tọ̀tún tòsì

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀.

Kò sí ẹsẹ tí a ń fi tu ara wa nínú tó Jeremáyà 29:11, níbi tí Olúwa ti wí pé òun mọ èrò tí òun rò sí wọn, èrò àlàáfíà, kì í sì í ṣe fún ibi. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà ni gbólóhùn yẹn wà. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí ọba Bábílónì ti kó nígbèkùn lọ, àwọn tí ilé wọn, oko wọn àti tẹ́ńpìlì wọn ti di ohun tí wọ́n ń rántí lókèèrè. Ní ẹsẹ 10, ẹsẹ kan péré ṣáájú èyí tí a mọ̀ lórí, Olúwa sọ ìgbà tí òun yóò mú wọn padà: lẹ́yìn 70 ọdún.

Ẹ ṣí orí tó ṣáájú rẹ̀, orí 28. Wòlíì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hananáyà. Òun náà ní Olúwa ló rán òun. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn létí ju ti Jeremáyà lọ: ó ní kí ọdún méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ yóò ti parí, àwọn ìgbèkùn yóò padà wálé. Ó tiẹ̀ bọ́ àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo èèyàn. Ó dá mi lójú pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àmọ́ Ọlọ́run kò rán an. Ọdún náà ni Hananáyà kú, ní oṣù keje.

Wàyí o, ẹ fojú inú wo ẹni tó ti pé 40 ọdún nígbà tí lẹ́tà Jeremáyà dé Bábílónì. Nígbà tí 70 ọdún bá fi pé, kò ní sí láyé mọ́. Ṣé ìlérí náà wá di òfo fún un? Ẹ ka ẹsẹ 5 sí 7: ẹ kọ́ ilé, ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà, ẹ jẹ èso rẹ̀, ẹ fẹ́yàwó, ẹ bímọ, ẹ máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ. Ẹ wá ka ẹsẹ 13: ẹ ó wá mi, ẹ ó sì rí mi, bí ẹ bá fi gbogbo ọkàn yín wá mi. Ohun tó bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin náà nìyẹn. Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀ níbi tó wà. Ó lè kọ́lé síbẹ̀, ó lè bímọ síbẹ̀, ó lè rí Ọlọ́run níbẹ̀, nínú ìlú tí kò wù ú. Ẹni tó gba ti Jeremáyà gbọ́ yóò ti jẹ nínú èso ọgbà rẹ̀ nígbà tí ẹni tó gba ti Hananáyà gbọ́ bá ṣì jókòó ti ẹrù rẹ̀ tó ti dì sílẹ̀.

Nítorí náà, ìlérí yòówù kí ẹ rí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fara tì í. Ta ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí wọn? Ẹ ka odindi orí náà, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣé àdéhùn kan so mọ́ ọn, irú èyí tó wà nínú 1 Jòhánù 1:9, pé *bí* a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa? Ẹ̀kẹta, kí ni ìlérí náà dà nínú Jésù? Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí 2 Kọ́ríńtì 1:20 pé nínú Kristi ni gbogbo ìlérí Ọlọ́run ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣí mi lójú sí Sáàmù 91.

Nínú Mátíù 4, sáàmù yẹn gan-an ni Èṣù kà sí Jésù létí lórí tẹ́ńpìlì. Ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, torí a ti kọ ọ́ pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn náà: mo ń fi ìlérí ti Ọlọ́run mọ́ ògiri, kó lè ṣe ohun tí mo ti pinnu. Jésù kọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé Baba bíi tirẹ̀, a sì kàn án mọ́ àgbélébùú. Nítorí náà, sáàmù yẹn kò lè máa sọ pé ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò ní jìyà, kò sì ní kú. Mo padà lọ kà á pẹ̀lú sùúrù, mo sì rí ẹsẹ 15, níbi tí Ọlọ́run ti wí pé òun yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú. Nínú ìpọ́njú. Ìpọ́njú náà ti wà nínú ìlérí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé ẹsẹ 15 yìí ni màmá mi máa ń tún sọ lẹ́yìn mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láràárọ̀. Mo ti ń sáré lọ bá ẹsẹ 16, n kò kíyè sí i. Wọ́n ti rí ìlérí tiwọn.

Ẹ mú ìwé tí ẹ fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo gbólóhùn kẹta. Ohun tí ẹ rò pé Ọlọ́run máa ṣe yẹn, níbo ló ti sọ ọ́? Bí ẹ bá rí i nínú Ìwé Mímọ́, ẹ kọ orí àti ẹsẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ kọ síbẹ̀ pé: "Ìbéèrè mi nìyí." Ẹ lè máa bẹ Ọlọ́run fún un lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ kàn má pè é ní ìlérí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín láìsí àní-àní

Ọlọ́run kò ní fi yín sílẹ̀, kò sì ní kọ̀ yín (Hébérù 13:5). Bí ọgbọ́n bá kù fún yín, ẹ bèèrè, yóò fún yín láìsí ìbáwí (Jákọ́bù 1:5). Nínú ìdánwò, yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ kí ẹ lè gbà á (1 Kọ́ríńtì 10:13). Ohunkóhun, títí kan ikú, kò lè yà yín kúrò nínú ìfẹ́ rẹ̀ (Róòmù 8:38-39). Ẹni tó bá gba Jésù gbọ́, bó tilẹ̀ kú, yóò yè (Jòhánù 11:25). Ìlérí mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ kà mọ́ wọn: nínú ayé, ẹ ó ní ìpọ́njú (Jòhánù 16:33).

Ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí kò sí nínú rẹ̀, iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ kò sí níbẹ̀, ọkọ tàbí aya kí ọdún tó parí kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Hébérù 11. Ní ẹsẹ 34, ìgbàgbọ́ mú kí àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ojú idà. Ní ẹsẹ 37, a fi idà pa àwọn mìíràn. Ẹsẹ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn fi jìn síra, ẹsẹ 39 sì ka gbogbo wọn pọ̀ pé a jẹ́rìí rere sí wọn nípa ìgbàgbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn tó kú kéré. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò, ohun tó gbà ni pé "oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ."

Bí ẹnì kan bá wá bá yín nínú ìṣòro yín, tó ní Ọlọ́run rán òun pé kí ẹ san owó báyìí kí ìlérí yín lè yára dé, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, Pétérù sì bá Símónì wí kíkankíkan nítorí pé ó fẹ́ fowó ra ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tí ìyà ń jẹ tí wọ́n tún ń gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fi gbàdúrà

Ẹyọ kan ni mo wí. Ọkàn tó ti pòrúúru kò lè gbé ogún ẹsẹ. Ẹ yan èyí tó dáhùn sí gbólóhùn kejì nínú ìwé yín, èyí tó ń bà yín lẹ́rù jù. Bí ẹ̀rù dídá wà bá ni, Hébérù 13:5. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó ṣe, Jákọ́bù 1:5. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí ẹ gbé e síbi tí ojú yín ti máa ń kọ́kọ́ bà lówùúrọ̀.

Ẹ wá fi gbàdúrà bí Jákọ́bù ṣe gbàdúrà nínú Gẹ́nẹ́sísì 32, ní alẹ́ tó gbọ́ pé Ísọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀, ń bọ̀ pẹ̀lú 400 ọkùnrin. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run wí fún un. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní kí Ọlọ́run gba òun. Ó sì tún parí pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run wí. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Olúwa, ìwọ lo wí pé o kò ní fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí àbájáde àyẹ̀wò ọ̀la. Jọ̀wọ́, gbà mí. Ìwọ ṣáà lo wí pé o kò ní fi mí sílẹ̀." Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní òru tí oorun bá kọ̀, ẹ lè sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ má kúrò nínú ọkọ̀

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27, ìjì ń gbá ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Èèyàn 276 ni wọ́n. Áńgẹ́lì Ọlọ́run ṣèlérí fún un pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò. Ó dájú, ó sì ti parí, bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀, ní òru kẹrìnlá, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré sá lọ, Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ kò lè là. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo wọn jẹun, torí ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti kan ẹnu wọn kẹ́yìn. Ó mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn, ó sì jẹ. Ìlérí Ọlọ́run kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀, kò sì sọ oúnjẹ di ohun tí kò wúlò. Ọkọ̀ náà fọ́ nígbẹ̀yìn. Orí pákó ni àwọn mìíràn fi dé èbúté. Gbogbo wọn ló dé.

Nítorí náà, ẹ lo oògùn yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jẹ lówó kó tó wá bá yín, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè san. Ẹ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ náà. Ẹ jẹun. Nígbà tí Èlíjà sùn sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun, áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó jí i lẹ́ẹ̀mejì kó jẹun, ó sì jẹ́ kó tún sùn láàárín. Bí oorun bá ti dá lójú yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé ikú sàn ju kí ẹ wà láyé, ẹ sọ fún dókítà àti fún ẹnì kan nínú ilé lónìí olónìí. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ó bá ń pẹ́

Ọmọ ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó kúrò ní Háránì pẹ̀lú ìlérí. Ọmọ 100 ọdún ni nígbà tí wọ́n bí Ísáákì. Láàárín rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ní Kénáánì, òun àti Sárà wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ọ̀dọ̀ Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin Sárà, kó lè bímọ fún wọn, ìyà rẹ̀ sì jẹ Hágárì àti ọmọ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tiyín. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí ẹ fẹ́, tàbí owó tí ẹ mọ̀ pé kò mọ́. Ìgbà tó bá rẹ̀ yín jù ló máa ń jọ ìdáhùn àdúrà.

Ohun tí mo ń ṣe nígbà ìdúródè kò tó nǹkan. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́ sí, àti ohun kan tí Ọlọ́run ṣe lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó kéré mọ. Sámúẹ́lì gbé òkúta kalẹ̀ nítorí irú rẹ̀, ó pè é ní Ẹbẹnésérì, ó ní títí dé ìhín ni Olúwa ràn wá lọ́wọ́. "Títí dé ìhín" ni ó sọ. Kò sọ ti ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ọwọ́ yín kò bá lè di nǹkan kan mú mọ́

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó ka ẹsẹ yín tí kò ní sọ nǹkan kan sí yín. Bàbá ọmọ inú Máàkù 9 mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: "Mo gbàgbọ́, ràn àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù wo ọmọ náà sàn. Ní Máàkù 2, ọkùnrin tó yarọ kò sọ ọ̀rọ̀ kankan rárá. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀, Bíbélì sì wí pé nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*.

Ẹ wá ẹnì kan tó lè di etí ibùsùn yín mú, ẹni tó mẹ́nu mọ́, tí kò ní yára bá yín wí. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ da èyí kọ: "Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan le fún mi lásìkò yìí. N kò nílò ìmọ̀ràn. Ṣé ẹ lè bá mi ka Hébérù 13:5 lálẹ́ yìí, kí ẹ sì gbàdúrà sí i fún mi, torí èmi kò lè gbàdúrà?" Ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó dìde níbi tí ẹ jókòó sí.